Lẹ́tà gbèsè ilé-iṣẹ́ tí mo ti tì pa dé nígbà tí bankruptcy mi ṣì wà ní kóòtù

Bàbá Ìdòwú

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ará wa. Ọ̀rọ̀ kan ló gbé mi wá, kò jẹ́ kí n rí oorun sùn láti ọjọ́ Tuesday.

Ní 2016, èmi àti àbúrò mi dá ilé-iṣẹ́ kan sílẹ̀ níbí ní Amẹ́ríkà. LLC ni a fi ṣe é, irú ilé-iṣẹ́ tí òfin kà sí ẹni ọ̀tọ̀ sí àwọn tó ni ín. À ń gba ọjà láwìn, a sì ń pín in fún àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké. Nígbà tó di 2020, ọjà ò tà mọ́, a bá ti ilé-iṣẹ́ náà pa. Gbèsè $11,200 kù nílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni kan tó ń kó ọjà fún wa. Láti ìgbà yẹn, a ò gbọ́ nǹkan kan mọ́.

Oṣù kẹta ọdún yìí ni mo fi ìwé Chapter 7 sí kóòtù lórúkọ ara mi, ìyẹn irú bankruptcy tí kóòtù fi ń pa gbèsè ẹni tí kò lè san án rẹ́, nítorí gbèsè káàdì àti owó ilé ìwòsàn. Mo ti ṣe ìpàdé 341, níbi tí wọ́n ti ń bi ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ ní ìbéèrè. Trustee, ẹni tí wọ́n yàn láti bójú tó ẹjọ́ náà, bi mí ní ìbéèrè bíi méje, ó ní ó tán. Ọjọ́ Tuesday ni lẹ́tà kan dé látọ̀dọ̀ àwọn asingbèsè tí mi ò gbọ́ orúkọ wọn rí. Orúkọ ilé-iṣẹ́ wa ló wà lókè, orúkọ tèmi tẹ̀ lé e. Wọ́n ní owó náà ti di $18,640, kí n pè wọ́n kí ọgbọ̀n ọjọ́ tó pé. Lánàá, wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo sọ fún obìnrin tó pè pé mo wà nínú bankruptcy. Ó ní, "Ilé-iṣẹ́ yín là ń bá wí, kì í ṣe ẹ̀yin."

Mi ò kọ gbèsè yìí sínú ìwé tí mo fi sí kóòtù. Ti LLC ni mo kà á sí. Ṣé mo ti ba ọ̀rọ̀ ara mi jẹ́ ni? Ṣé kí n san díẹ̀ kí wọ́n lè fi mí lọ́rùn sílẹ̀, àbí kí n máa wò wọ́n níran?

Ìyá Tèmítọ́pẹ́

Ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ẹ ya lẹ́tà náà dànù, ẹ lọ sùn. Nígbà tí èmi ṣe tèmi, irú ẹ̀ tó wọlé sí mi lé ní ogún. Automatic stay, òfin tó ní kí àwọn olówó dáwọ́ dúró nígbà tí bankruptcy bá wà ní kóòtù, ti dá gbogbo wọn lọ́wọ́ kọ́. Kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ kàn yín.

Sístà Bùnmi

Háà, Ìyá Tèmítọ́pẹ́, ẹ má sọ pé kí wọ́n ya á. Òfin kan wà láti 1977, Fair Debt Collection Practices Act. Bí wọ́n bá kọ̀wé sí yín, tí ẹ sì kọ̀wé padà kí ọjọ́ 30 tó pé pé ẹ ò gbà, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró títí wọ́n á fi fi ẹ̀rí hàn yín. Mo ṣe é fún gbèsè ilé ìwòsàn kan, wọn ò kọ̀wé sí mi mọ́ títí dòní. Bàbá Ìdòwú, ohun tí ẹ máa ṣe nìyẹn.

Dúró Ṣánṣán

Èmi ò bá san $200 kí wọ́n lè mọ̀ pé mi ò sá. Olówó tó bá rí nǹkan díẹ̀ gbà, ara rẹ̀ á rọ̀.

Akọ̀wé Lọ́yà

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n dá sí i. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bá lọ́yà tó ń ṣe bankruptcy ṣiṣẹ́, èmi ni mo máa ń to ìwé. Èmi fúnra mi kì í ṣe lọ́yà, nítorí náà ẹ gbé ohun tí mo bá sọ tọ lọ́yà yín lọ.

Sístà Bùnmi, òfin 1977 yẹn dára, ṣùgbọ́n gbèsè tí èèyàn jẹ fún ara rẹ̀, fún ẹbí tàbí fún inú ilé nìkan ló kàn. Gbèsè òwò ò sí lábẹ́ rẹ̀. Ohun tó ṣiṣẹ́ fún owó ilé ìwòsàn yín lè má ràn Bàbá Ìdòwú lọ́wọ́ rárá. Àwọn ìpínlẹ̀ kan ní òfin tiwọn tó fẹ̀ ju ti ìjọba àpapọ̀ lọ. California ti fi gbèsè òwò tí kò ju $500,000 lọ kún tirẹ̀ láti July 1, 2025. Ibi tí èèyàn ń gbé ló máa sọ.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́, òótọ́ ni pé automatic stay lágbára. Section 362 nínú òfin bankruptcy ló gbé e kalẹ̀. Bí ìwé bá ti wọ kóòtù ló ti bẹ̀rẹ̀, kò sì béèrè bóyá gbèsè òwò ni àbí ti inú ilé. Àmọ́ ẹni tó fi ìwé sílẹ̀ ló ń bò. Bàbá Ìdòwú fi ìwé sílẹ̀, LLC wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀. Ohun tí obìnrin orí fóònù yẹn ń dọ́gbọ́n lò nìyẹn.

Nítorí náà, ta ló jẹ gbèsè yìí gan-an? Bí ilé-iṣẹ́ nìkan bá ló jẹ ẹ́, wọ́n lè máa kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ náà títí láé, tí kò bá ti ní ohun ìní, kò sí nǹkan tí wọ́n máa rí kó. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ṣe onígbọ̀wọ́ fún un, gbèsè ti di tiyín. Ẹ lọ wá ìwé tí ẹ kọ́kọ́ fi gba ọjà láwìn ní 2016, kí ẹ wo òkè ibi tí ẹ buwọ́ lù. Ibẹ̀ ni mo ti máa ń rí i: ìlà kan báyìí, lẹ́tà rẹ̀ kéré ju ti ìyókù lọ, tó ní ẹni tó buwọ́ lùwé ń ṣèlérí lórúkọ ilé-iṣẹ́ àti lórúkọ ara rẹ̀. Ẹni tó ń buwọ́ lùwé rò pé ọ̀gá ilé-iṣẹ́ lòun ń ṣe, kò mọ̀ pé òun ti fi ọrùn ara òun dúró.

Bẹ́ ẹ rí i, bẹ́ ẹ ò rí i, ẹ kọ wọ́n sínú ìwé kóòtù. Schedule E/F ni ti àwọn tí kò gba ìdógò. Àpótí kékeré kan wà níbẹ̀ tí a fi ń sọ pé a ò gbà pé a jẹ gbèsè náà, ẹ lè fi àmì sí i. Òfin gbà kí ẹ tún ìwé yín ṣe níwọ̀n ìgbà tí kóòtù kò bá tíì pa fáìlì dé, $34 sì ni owó rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ asingbèsè, ẹ kọ ti ẹni tó kó ọjà fún yín náà, torí ẹ ò mọ ẹni tí gbèsè wà lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí.

Lẹ́yìn náà, kí lọ́yà yín kọ̀wé sí wọn: nọ́ḿbà ẹjọ́ yín, orúkọ kóòtù, ọjọ́ tí ẹ fi ìwé sílẹ̀. Kí ó lọ nípasẹ̀ certified mail, lẹ́tà tí ẹni tó bá gbà á máa buwọ́ lù. Ọ̀rọ̀ orí fóònù kò ní ẹlẹ́rìí. Bí wọ́n bá ti mọ̀ pé kóòtù ti dá sí i, tí wọ́n tún ń yọ yín lẹ́nu lórí ohun tí ẹ̀yin fúnra yín jẹ, òfin kan náà ní kí wọ́n san ohun tí ẹ pàdánù àti owó lọ́yà yín.

Dúró Ṣánṣán, mo ń bọ̀ wá sí tiyín.

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ẹ kú iṣẹ́, Akọ̀wé. Ohun tí ẹ sọ nípa LLC yẹn, ojú mi ló ṣe.

Mo ní ọkọ̀ akẹ́rù kan, LLC ni mo fi ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ní 2018 mo wọ Chapter 13 lórúkọ ara mi, irú bankruptcy tí èèyàn fi ń san gbèsè díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà tó bá ti ní orúkọ LLC lára, mo ń jù ú sínú àpótí kan lẹ́yìn ilẹ̀kùn, mi ò ṣí i. Ẹnì kan sọ fún mi pé stay ti bò mí, bí Ìyá Tèmítọ́pẹ́ ṣe sọ yẹn gẹ́lẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má bínú. Ìwé ìpẹ̀jọ́ wà nínú àpótí yẹn. LLC nìkan ni wọ́n pè lẹ́jọ́. Nígbà tí ẹnikẹ́ni ò yọjú, adájọ́ dá ẹjọ́ fún wọn. Mo sì ṣì ń gba owó iṣẹ́ sínú àkáǹtì LLC náà. Àárọ̀ ọjọ́ Friday kan ni mo dúró níwájú ẹ̀rọ tí mo fẹ́ fi ra epo dísẹ́ẹ̀lì, káàdì ò ṣiṣẹ́. Mo pe báńkì. Wọ́n ti gbé $2,900 tó wà níbẹ̀ lọ. Lọ́yà mi wò ó títí, ó ní kò sí òfin tí wọ́n rú.

Bàbá Ìdòwú, ẹ ṣí gbogbo lẹ́tà. Bí àkáǹtì ilé-iṣẹ́ yẹn bá ṣì wà ní ṣíṣí, tí owó yín wà níbẹ̀, ẹ sọ fún lọ́yà yín lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ má kàn lọ kó o kúrò fúnra yín, torí trustee gbọ́dọ̀ mọ̀ nípa rẹ̀.

Ohun kan tún wà tí ẹni tó bá wà ní Chapter 13 gbọ́dọ̀ mọ̀. Níbẹ̀, olówó máa ń fi ìwé ẹ̀tọ́ rẹ̀ sí kóòtù kí ó lè pín nínú owó tí ẹ ń san. Ọjọ́ 70 ni òfin fún ọ̀pọ̀ wọn láti fi í sílẹ̀. Ọ̀kan fi ti tèmi sílẹ̀ lórí gbèsè mẹ́káníìkì tó ti pẹ́ ju iye ọdún tí ìpínlẹ̀ wa gbà láti pe èèyàn lẹ́jọ́. Mo rò pé trustee á rí i. Kò rí i. Ní 2017, ilé ẹjọ́ tó ga jù ti sọ nínú ẹjọ́ Midland Funding v. Johnson pé asingbèsè tó bá ṣe bẹ́ẹ̀ kò rú òfin 1977 yẹn. Ẹni tó jẹ gbèsè ló máa dìde pé òun ò gbà. Lọ́yà mi kọ ìwé ojú kan péré, adájọ́ sì yọ gbèsè náà dànù. Ká ní mo dákẹ́ ni, mi ò bá ti san án. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́.

Ìyá Tèmítọ́pẹ́

Mi ò bínú rárá, Awakọ̀. Èmi ni kí n tọrọ àforíjì. Gbèsè tèmi kò ní ilé-iṣẹ́ nínú, mo sì ti kọ gbogbo wọn sínú ìwé, ìdí nìyẹn tí mo fi lè ya tèmi. Mi ò ronú dé ibẹ̀.

Akọ̀wé, ẹ jọ̀ọ́, bí Bàbá Ìdòwú bá ti gba discharge, ìyẹn àṣẹ kóòtù tó ń pa gbèsè rẹ́, kí lẹ́tà yìí tó dé ńkọ́? Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà nírú ipò bẹ́ẹ̀.

Akọ̀wé Lọ́yà

Ọ̀pọ̀ Chapter 7 kì í ní ohun kankan tí trustee máa rí tà. Nírú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀, tí kóòtù ò bá dá ọjọ́ fún àwọn olówó láti mú ìwé ẹ̀tọ́ wá, kóòtù púpọ̀ gbà pé gbèsè tí a gbàgbé láti kọ bá àwọn ìyókù lọ, bí kò bá ti sí jìbìtì nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo kóòtù ló gbà bẹ́ẹ̀. Ìdí tí mo fi ń pariwo pé kí Bàbá Ìdòwú ṣe é nísinsìnyí nìyẹn, nígbà tí ilẹ̀kùn ṣì wà ní ṣíṣí. Nǹkan bí oṣù mẹ́rin sí ọjọ́ tí èèyàn fi ìwé sílẹ̀ ni discharge Chapter 7 sábà máa ń jáde, a sì lè pa fáìlì dé kété lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ̀gbọ́n yín bi lọ́yà bí kóòtù àdúgbò wọn ṣe ń ṣe é. Lẹ́yìn discharge, òfin míì ló ń dáàbò bò wọ́n, section 524. Ní 2019, nínú Taggart v. Lorenzen, ilé ẹjọ́ tó ga jù ní adájọ́ lè fìyà jẹ olówó tó bá tún ń sin gbèsè tí discharge ti pa, bí kò bá sí ìdí gidi kan tó fi lè rò pé òun ní ẹ̀tọ́.

Dúró Ṣánṣán, mo mọ̀ pé ọkàn rere lẹ fi sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n $200 yẹn léwu. Gbèsè 2020 lè ti pẹ́ ju ohun tí wọ́n lè fi pe èèyàn lẹ́jọ́ ní ìpínlẹ̀ wọn. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, bí ẹ bá san díẹ̀ tàbí tí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ jẹ ẹ́, kíkà ọdún á tún bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Asingbèsè mọ èyí dáadáa, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń bẹ èèyàn pé "ohun tó bá wà lọ́wọ́ yín náà ti tó." Bí wọ́n bá gbé ìwé ìlérí tuntun wá, ẹ má buwọ́ lù ú. Ìlérí láti san gbèsè tí discharge fẹ́ pa gbọ́dọ̀ wáyé kí discharge tó jáde, kí a sì fi í sí kóòtù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Dúró Ṣánṣán

Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ ọkàn mi. Ẹni tó kó ọjà yẹn fún wọn, èèyàn bíi tiwa ni. Ṣé kò ní ẹ̀tọ́ sí nǹkan kan?

Akọ̀wé Lọ́yà

Ìbéèrè gidi ni. Òfin ò ní kí ẹnikẹ́ni má san. Ẹni tó ti gba discharge, tó fẹ́ san án láti inú ọkàn rẹ̀, section 524 kan náà gbà á láyè. Ṣùgbọ́n ẹ wádìí ẹni tó máa gba owó náà. Bí ẹni tó kó ọjà bá ti ta gbèsè fún asingbèsè, $200 yín kò ní dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ Oníṣirò

Owó orí ni iṣẹ́ mi, ẹ jẹ́ kí n sọ ẹ̀ka tèmi. Bí olówó bá fagi lé gbèsè, ó lè fi fọ́ọ̀mù 1099-C ránṣẹ́ sí yín, kí IRS, àjọ owó orí Amẹ́ríkà, kà á sí owó tó wọlé fún yín. Ẹ má sanwó orí lé e lórí, ẹ má sì jù ú nù. Gbèsè tí bankruptcy pa kò sí lára owó tó wọlé, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ fi Form 982 sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn nígbà tí ẹ bá ń ṣe ìwé owó orí ọdún náà. Àwọn tí mo ti rí tó san owó orí tí kò kàn wọ́n, torí wọn ò mọ fọ́ọ̀mù yìí, kì í ṣe ẹyọ kan.

Bàbá Ìdòwú, ṣé ẹ gba òṣìṣẹ́ nígbà náà? Bí ẹ bá yọ owó orí nínú owó oṣù wọn tí ẹ ò fi ránṣẹ́ sí IRS, ìyẹn kì í ṣe ti LLC nìkan, wọ́n lè gbé e lé ẹni tó ń bójú tó owó lórí, Chapter 7 ò sì ní pa á. Ẹ má fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ kí ẹ máa pa làpálàpá.

Bàbá Ìdòwú

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. A ò gba òṣìṣẹ́, èmi àti àbúrò mi nìkan là ń ṣe é. Àkáǹtì ilé-iṣẹ́ ti wà ní pípa láti 2020.

Alẹ́ àná ni mo tú àwọn páálí inú gáréèjì. Mo rí ìwé náà. Ojú kẹta ni ibi ìbuwọ́lùwé wà, ìlà náà sì wà níbi tí Akọ̀wé ní ó máa wà: "àti lórúkọ ara wa." Mo gbé e sábẹ́ iná kí n tó lè kà á. Mo ti buwọ́ lù ú.

Àbúrò mi náà buwọ́ lù ú.

Kò tíì sọ fún mi pé òun rí lẹ́tà kankan gbà. Ṣé stay tèmi bo òun náà?

Awakọ̀ Ọ̀nà Jíjìn

Ní Chapter 13, stay bo ẹni tí èmi àti rẹ̀ jọ buwọ́ lùwé.

Akọ̀wé Lọ́yà

Ó bò ó, Awakọ̀, fún gbèsè ara ẹni àti ti ilé nìkan, bí òfin 1977 yẹn. Gbèsè òwò kò sí nínú rẹ̀, kódà ní Chapter 13. Chapter 7 kò sì ní irú rẹ̀ rárá.

Bàbá Ìdòwú, ó dùn mí láti sọ ọ́, kò bo àbúrò yín. Bí àwọn asingbèsè ò bá rí yín mú, ọ̀dọ̀ àbúrò yín ni wọ́n máa kọjú sí fún gbogbo $18,640 náà, kì í ṣe ìdajì. Ẹ rí i pé orúkọ àbúrò yín wọ Schedule H, ibẹ̀ la ń kọ àwọn tí a jọ jẹ gbèsè sí. Kí orúkọ wọn wà lára àwọn tí ẹ̀yin jẹ lówó pẹ̀lú, torí bí wọ́n bá san án, wọ́n lè padà wá béèrè lọ́wọ́ yín. Kí àwọn náà rí lọ́yà tiwọn. Kí wọ́n béèrè lọ́wọ́ asingbèsè bí ó ṣe ṣírò owó tó fi kúrò ní $11,200, ẹni tó ta gbèsè náà fún un, àti ọjọ́ tí a sanwó kẹ́yìn lórí rẹ̀. Nínú èsì ìbéèrè kẹta ni wọ́n á ti mọ̀ bóyá gbèsè náà ti kọjá ọdún. Títí wọ́n á fi rí lọ́yà, kí wọ́n má san kọ́bọ̀, kí wọ́n má sì fún ẹnikẹ́ni ní nọ́ḿbà báńkì wọn lórí fóònù.

Sístà Bùnmi

Ẹ sọ fún wọn kí lẹ́tà tó dé ọwọ́ wọn, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ ẹnu yín ni wọ́n ti máa gbọ́ ọ.

Bàbá Ìdòwú

Ó ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí mo kọ̀wé síbí, mo ní kí n jábọ̀. Lọ́yà ti tún ìwé ṣe, mo san $34. Asingbèsè, ẹni tó kó ọjà, àti àbúrò mi, gbogbo wọn ti wà níbẹ̀. Káàdì àwọ̀ ewé certified mail padà wá ní ọjọ́ Monday, ẹnì kan ti buwọ́ lù ú lọ́hùn-ún. Wọn ò pè mí mọ́ láti ìgbà náà.

Ọjọ́ Saturday ni mo lọ sílé àbúrò mi. Mo gbé ẹ̀dà ìwé 2016 dání. Ó ka ojú kẹta náà lẹ́ẹ̀mejì kò sọ̀rọ̀, lẹ́yìn náà ló dìde, ó fa dúrọ́ọ̀ ilé ìdáná, ó sì mú lẹ́tà kan jáde tí kò tíì ṣí. Àpò lẹ́tà kan náà ni. Ó ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ kẹrìnlá, ó ní òun ò fẹ́ fi da ọkàn mi láàmú nígbà tí mo wà ní kóòtù. A jọ ṣí i. Ọ̀la ni òun àti lọ́yà fẹ́ ríra.